Ẹ gba ọwọ́ yín gbọ́, ẹ má tíì gba fọ́tò gbọ́: Kámẹ́rà DSLR tuntun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ọ̀nà méjì ni kámẹ́rà DSLR tuntun (èyí tó ní jígí nínú, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀) ń gbà bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u nínú páálí sọ̀rọ̀. Ó ń bá ọwọ́ àti ojú sọ̀rọ̀: bó ṣe wúwo tó, bí ìka ṣe jókòó sára rẹ̀, bí ìran ṣe hàn sí nígbà tí a bá yọjú wò ó. Ó sì tún ń fi fọ́tò àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohun tí ìrírí fi yé mi ni pé òótọ́ lohun tó bá sọ fún ọwọ́ àti ojú lọ́jọ́ kìíní, kò sì ní yí padà títí ẹ ó fi tà á. Ṣùgbọ́n ohun tí fọ́tò àkọ́kọ́ bá sọ, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ètò tí wọ́n ṣe sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ló ya fọ́tò yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin. Ìdí nìyí tí n kì í fi í bá ẹni tó bá ní "fóònù mi sàn ju èyí lọ" jiyàn. Mo kàn máa ń béèrè pé ISO mélòó ló lò (bí kámẹ́rà ṣe ń fi kún agbára ìmọ́lẹ̀ tó), ìyára ṣọ́tà mélòó (ilẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé), ihò lẹ́ǹsì mélòó (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá). Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹjọ́ náà kò tíì dé kóòtù.

Ká ti ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Nikon D3500, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kéré jù, wọn gíráàmù 415 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì. D850 tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọn gíráàmù 1,005. Lẹ́ǹsì kò tíì sí lórí ìkankan nínú wọn o. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé èyí tó bá fúyẹ́ ló dára, ṣùgbọ́n èyí tó bá ọwọ́ mu ni mo máa ń wò. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, kí ìka ìfábẹ̀lá wà lórí bọ́tìnì ṣọ́tà, kí àtàǹpàkò sinmi lẹ́yìn. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì sábẹ́ lẹ́ǹsì, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pa ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mọ́ra. Bí ọmọńdinrín yín kò bá rí ibi dúró sí, tó ń yọ́ bọ́ sábẹ́ kámẹ́rà, bí lẹ́ǹsì gígùn bá ti wà lórí rẹ̀ fún wákàtí kan, ọrùn ọwọ́ yóò máa dùn yín. Kò sí ohun tí ẹ lè tẹ̀ nínú mẹ́nù tó máa tún ìyẹn ṣe.

Ẹ ka iye wíìlì tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹyọ kan làwọn kámẹ́rà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń ní. Bí ẹ bá wà ní M, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń yan ìyára àti ihò, ìyára ṣọ́tà ni wíìlì náà máa ń yí. Bí ẹ bá fẹ́ yí ihò lẹ́ǹsì, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì +/− mọ́lẹ̀ kí ẹ tó yí wíìlì kan náà. Ẹni tó ń ya ohun tó dúró jẹ́ẹ́ lè máà ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ẹni tó ń ya ọmọdé tó ń sáré tàbí ẹlẹ́sẹ̀ ayò yóò ti bínú kó tó di pé ìdajì àkọ́kọ́ parí.

Ó wá kan ojú. Nínú DSLR, ìmọ́lẹ̀ gba inú lẹ́ǹsì wọlé, ó kọlu jígí kan tí wọ́n dá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n 45, jígí náà tì í sókè, ó wá gba inú pentaprism já sí ojú yín ní viewfinder. Odindi gíláàsì tí wọ́n gé ni pentaprism. Àwọn kámẹ́rà tó fúyẹ́ ń lo pentamirror dípò rẹ̀, ìyẹn jígí pẹlẹbẹ mélòó kan tí wọ́n tò pọ̀, kì í sì í mọ́lẹ̀ tó gíláàsì. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn wọ̀nyí, nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìran ni viewfinder ń fi hàn. Èyí tó kù wà létí fọ́tò níbi tí ẹ kò ti rí i, yóò sì yọjú láìpè: ẹ̀ka igi, èjìká ẹlòmíì, wáyà iná. Kámẹ́rà kò ṣàìsàn. Ẹ gé etí fọ́tò náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Kí ẹ tó sọ pé viewfinder rẹ̀ rí bàìbàì, ẹ wá wíìlì tíntìntín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, diopter lorúkọ rẹ̀. Ẹ kọjú kámẹ́rà sí ògiri funfun tàbí sí ojú ọ̀run. Ẹ má wo ìran rárá. Àwọn nọ́ńbà àti àmì fókọ́ọ̀sì tó wà nínú viewfinder ni kí ẹ tẹjú mọ́, kí ẹ máa yí wíìlì náà títí wọn yóò fi mọ́ ketekete. Ẹni tó ń lo awò ojú ní láti kọ́kọ́ pinnu bóyá tawòtawò ni òun yóò máa yà. Wíìlì yìí a sì máa sún nínú àpò láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀, nítorí náà bí viewfinder tó dára lánàá bá ṣú lónìí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ohun tó máa ń ya ẹni tó ti ìdí fóònù bọ̀ lẹ́nu jù lọ ni pé viewfinder yìí kì í sọ bí fọ́tò yóò ṣe rí. Ìran ló ń fi hàn, kò fi èrò kámẹ́rà hàn. Ẹ lè ṣi ètò gbogbo títí fọ́tò yóò fi funfun báláú, kí viewfinder ṣì dára bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ihò lẹ́ǹsì tó ṣí gbayawu lẹ fi ń wo ìran náà. Bí ẹ tilẹ̀ ti yan f/11 (bí nọ́ńbà f bá ṣe tóbi tó ni ihò ṣe ń kéré tó), ihò náà kò ní pa dé ibẹ̀ àfi ní ìgbà díẹ̀ tí ṣọ́tà bá fẹ́ ṣí. Ìlà kékeré tí 0 wà láàárín rẹ̀ nísàlẹ̀ viewfinder, tó ń sọ bóyá ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù tàbí kò tó, ni kí ojú yín mọ́ra sí, bí ojú awakọ̀ ṣe ń lọ sára mítà láìrònú. Ní ti ariwo "kàtà" tí ẹ ń gbọ́, jígí ló ń fò sókè tó sì ń padà wálẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí viewfinder fi ń ṣókùnkùn fẹ́ẹ́. Ètò "quiet" inú rẹ̀ kì í pa ariwo náà, ó kàn ń jẹ́ kí ó rọ̀ díẹ̀ ni.

Iṣẹ́ díẹ̀ wà tó yẹ kó ṣíwájú fọ́tò kankan. Ẹ ṣáájì bátìrì títí yóò fi kún. Ẹ tún déètì àti aago ṣe, torí pé wọ́n máa ń wọ inú fáìlì gbogbo fọ́tò, wàhálà ló sì jẹ́ láti tún wọn tò lẹ́yìn náà. Ẹ ti káàdì SD bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fọ́máàtì rẹ̀ nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Bí kámẹ́rà bá ní òun kò lè kọ nǹkan sí káàdì, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì káàdì náà. Bọ́tìnì kékeré tó ń tì í pa wà níbẹ̀, ó sì máa ń yọ́ wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ti káàdì bọ̀ ọ́. SDHC kì í kọjá GB 32. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, SDXC ni. Fáìlì RAW kan (fọ́tò tútù tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) láti inú kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 24 máa ń tó MB 20 sí 30, nítorí náà GB 32 yóò gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá máa ya fídíò, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ V30 tàbí U3 sí lára, torí pé ó lè kọ MB 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìdẹ̀. Bí káàdì bá lọ́ra, fídíò yóò dá dúró fúnra rẹ̀, wọn a sì di ẹ̀bi náà ru kámẹ́rà.

Lẹ́ǹsì ní àmì tirẹ̀. Lára Canon, àmì pupa roboto ni ti EF, àmì funfun onígun mẹ́rin ni ti EF-S. Kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀) jẹ́ APS-C, irú tó kéré, ń gba méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kún (full-frame), tó jẹ́ mílímítà 36 sí 24, kò gba EF-S. Ti Nikon, àmì funfun kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ẹ fi àmì lẹ́ǹsì kan àmì kámẹ́rà, kí ẹ yí i títí yóò fi dún "kọ́". Bí kò bá dún, kò tíì wọlé, bó tilẹ̀ rí bí ẹni pé ó ti dúró. Àwọn lẹ́ǹsì 18-55 (mílímítà 18 sí 55, èyí tó sábà máa ń bá kámẹ́rà wá) kan wà tí wọ́n máa ń ká kúrú nínú páálí. Kámẹ́rà kò ní yà títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnì ara lẹ́ǹsì kí ẹ sì yí i jáde. Mo mọ iye ìgbà tí wọ́n ti torí bọ́tìnì yẹn pe kámẹ́rà tó le koko ní òkú.

Èyí tó tún léwu jù fún olówó díẹ̀ ni lẹ́ǹsì àlòkù. Nikon ti ń lo ẹnu lẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní F láti 1959, Canon sì ti ń lo EF láti 1987, nítorí náà lẹ́ǹsì àtijọ́ pọ̀ bí eérú. Ṣùgbọ́n D3500 àti D5600 kò ní mọ́tò fókọ́ọ̀sì nínú ara wọn. Lẹ́ǹsì tí wọ́n kọ AF-S tàbí AF-P sí lára ní mọ́tò tirẹ̀, yóò ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ AF-D sí kò ní í. Yóò wọlé, yóò ya fọ́tò, àmọ́ ọwọ́ lẹ máa fi yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí nọ́ńbà ihò bá sì wà lára òrùka lẹ́ǹsì náà, ẹ yí i sí nọ́ńbà tó ga jù, bíi 16 tàbí 22, kí ẹ tì í pa síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà yóò kọ fEE, kò sì ní yà.

Ó wá kan fọ́tò àkọ́kọ́ tó ń jáni kulẹ̀. Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Alẹ́ ni, inú yàrá ni, wíìlì wà lórí Auto aláwọ̀ ewé, lẹ́ǹsì 18-55 ló wà níwájú, wọ́n sì fà á dé 55 kí ojú ẹni tí wọ́n ń yà lè súnmọ́. Ní 55, ihò lẹ́ǹsì yẹn kò lè ṣí kọjá f/5.6. Ìmọ́lẹ̀ yàrá kò tó. Kámẹ́rà á yáa fò sí ISO 3200 tàbí 6400, ṣọ́tà á lọ sí 1/60 tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, fláàṣì á sì yọ orí. Fókọ́ọ̀sì ńkọ́? Auto máa ń fẹ́ràn ohun tó bá súnmọ́ ọn jù, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ife orí tábìlì ló mú. Fọ́tò jáde, ó ṣe wóróworó bí iyanrìn, ojú èèyàn rí bàìbàì, ògiri ẹ̀yìn ṣókùnkùn. Fóònù tí wọ́n fi ń wé e, fọ́tò mélòó kan ló yà léraléra tó sì dà pọ̀ di ẹyọ kan kó tó gbé e jáde. DSLR kò ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún yín. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá kọ sára sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ló ń gbé fún yín.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ẹ tó dá kámẹ́rà lẹ́jọ́, ẹ gbọ́ tẹnu lẹ́ǹsì. Ihò f/1.8 ti lẹ́ǹsì mílímítà 50 ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ìyẹn túmọ̀ sí pé níbi tí 18-55 ti ń bèèrè ISO 6400, 50 f/1.8 yóò ṣe é ní nǹkan bí ISO 640, nínú yàrá kan náà, lára kámẹ́rà kan náà. Bí mo bá ní láti yan ohun kan tí ẹni tó ní kámẹ́rà tuntun yóò fi kún un, kì í ṣe àpò, kì í ṣe fláàṣì, lẹ́ǹsì yẹn ni.

Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lára sẹ́ńsọ̀ APS-C, bí ẹ bá fi 50 f/1.8 ya ẹni tó jìnnà sí yín ní mítà kan ààbọ̀, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6 péré ni yóò mọ́ kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ẹyinjú kan bá mọ́, etí kò ní mọ́. Bí ẹni náà bá mí, tí ó sì fara sẹ́yìn díẹ̀, ẹyinjú náà ti lọ. Ní f/5.6, sẹ̀ǹtímítà 6 yẹn á di nǹkan bí 20. Ìdí rèé tí n fi ń sọ pé kí ẹ má ṣí i dé òpin lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti f/2.8 tàbí f/4, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe ń mọ́ra sí i. Lápá kejì, kí ẹ má lọ pa ihò dé f/22 nítorí pé ẹ fẹ́ kí gbogbo nǹkan mọ́. Tó bá ti kọjá f/11 tàbí f/16, ìmọ́lẹ̀ á máa tẹ̀ létí ihò tó ti kéré jù, fọ́tò á wá rọ̀ lápapọ̀.

Ètò tí mo máa ń fún kámẹ́rà tuntun kó tó yà nǹkan gidi kò pọ̀. Wíìlì sí A, tí Canon ń kọ ní Av, kí ẹ̀yin yan ihò, kí òun yan ìyára. ISO sí Auto, ṣùgbọ́n ẹ fi 3200 ṣe òpin rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé ṣọ́tà kò gbọ́dọ̀ lọ́ra ju 1/125 lọ, bí mẹ́nù rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Fókọ́ọ̀sì sí àmì kan ṣoṣo, kí ẹ̀yin fúnra yín gbé àmì náà sórí ẹyinjú. AF-S (ètò fókọ́ọ̀sì ni èyí, kì í ṣe AF-S ara lẹ́ǹsì) fún ohun tó dúró, AF-C fún ohun tó ń rìn. Canon ń pe àwọn náà ní One Shot àti AI Servo. Ẹni tó bá fi AF-S ya ọmọ tó ń sáré bọ̀ yóò rí i pé fókọ́ọ̀sì dúró síbi tí ọmọ náà wà tẹ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, fọ́tò tó rí bàìbàì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo èèyàn ń lò, bẹ́ẹ̀ sì ni àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, oògùn wọn kò sì papọ̀. Ẹ gbé fọ́tò náà tóbi dé 100% lórí kọ̀ǹpútà. Bí gbogbo rẹ̀ bá fà sí ìhà kan náà, tí kódà iná kékeré inú rẹ̀ di ìlà, ọwọ́ yín ló mì. Bí ògiri àti àga bá mọ́ ṣùgbọ́n tí èèyàn nìkan fà, ẹni náà ló mira. Bí èèyàn kò bá mọ́ ṣùgbọ́n tí nǹkan mìíràn níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ketekete, fókọ́ọ̀sì ló ṣìnà. Fún ọwọ́ tó ń mì, ẹ fi 1.5 sọ mílímítà lẹ́ǹsì di púpọ̀ lórí APS-C, kí ẹ sì fi 1 lé e: mílímítà 55 ń bèèrè 1/80, mílímítà 200 ń bèèrè 1/300. VR tàbí IS (ètò tó ń dẹ́kun ọwọ́ tó ń mì) tó wà nínú lẹ́ǹsì lè jẹ́ kí ẹ lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ọwọ́ yín ló ń dì mú, kì í di ẹni tí ẹ ń yà mú. Ẹni tó ń jó ń bèèrè 1/250, ẹni tó ń sáré ń bèèrè 1/500 sókè, VR wà o, VR kò sí o. Bí kámẹ́rà bá wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pàápàá pẹ̀lú lẹ́ǹsì àtijọ́, ẹ pa VR, torí ó lè máa wá ìmìtìtì tí kò sí.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé kámẹ́rà "ń mọ ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀". Kò mọ̀ ọ́n. Ó ń méfò ni. Ohun tí mítà inú rẹ̀ gbà gbọ́ ni pé gbogbo ìran, tí a bá pò ó pọ̀, á jẹ́ àwọ̀ eérú tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Bí ẹ bá ya aṣọ funfun tó kún fọ́tò, á sọ ọ́ di eérú, ẹ ó sì fi +1 tún un ṣe, ìyẹn stop kan, ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ya aṣọ dúdú, á sọ òun náà di eérú, ẹ ó fi −1 tún un ṣe. Ẹni tó dúdú, tó dúró níwájú fèrèsé tó mọ́lẹ̀, ló ń pa á láyò jù: fèrèsé á dára, ojú á di òjìji. Ẹ lè fi +1 sí +2 kún un, tàbí kí ẹ lo spot, ètò mítà tó ń wo ibi kan péré nínú ìran. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún spot. Bí ẹ bá fi wọn awọ ara tó dúdú, yóò tún fẹ́ sọ ọ́ di eérú, awọ á wá funfun ju bó ṣe rí lójú lọ. Lẹ́yìn spot lórí awọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń dín in kù ní ìdá méjì nínú mẹ́ta stop kan, tàbí odindi kan.

Ẹ má fi skírìnì ẹ̀yìn ṣe adájọ́ lórí èyí. Lóru, skírìnì á mọ́lẹ̀ débi pé fọ́tò tó ṣókùnkùn á dà bí èyí tó dára. Lábẹ́ òòrùn, èyí tó dára á dà bí èyí tó ṣókùnkùn. Histogram ni kí ẹ ṣí, àwòrán tó ń fi ìmọ́lẹ̀ fọ́tò hàn bí òkè, òkùnkùn lósì, funfun lọ́tùn-ún. Bí òkè rẹ̀ bá gun ògiri ọ̀tún, ibi tó funfun ti bàjẹ́, díẹ̀ péré ni ẹ sì lè rí fà yọ níbẹ̀, kódà nínú RAW, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i. Ibi tó ṣókùnkùn ṣì ṣeé gbà là díẹ̀.

Ní ti RAW, ẹ máa ya RAW àti JPEG (fọ́tò tí kámẹ́rà ti sè tán) pọ̀ fún oṣù àkọ́kọ́. JPEG ní ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, RAW oníbíìtì 14 ní 16,384, ibẹ̀ sì ni agbára àtúnṣe wà. Bí ẹ bá ṣí RAW, tó rí pẹlẹbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ kò ta, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kò tíì sẹ́ni tó sè é. Àwọ̀ iná náà kò nílò ariwo púpọ̀: gílóòbù aláwọ̀ yẹ́lò wà ní nǹkan bí 2,700 sí 3,200 K (Kelvin, ìwọ̀n àwọ̀ iná), òòrùn ọ̀sán ní nǹkan bí 5,500, ìbòòji ju 7,000 lọ. Bí ojú èèyàn bá pọ́n nínú yàrá, white balance, ètò tó ń mú kámẹ́rà bá àwọ̀ iná mu, ló ṣì.

Fláàṣì orí kámẹ́rà kì í dé ibi tí wọ́n rò pé ó dé. Bí nọ́ńbà agbára rẹ̀ (guide number, ní mítà) bá jẹ́ 8, ẹ fi ihò pín in: ní f/4 àti ISO 100, mítà 2 ló ń dé. ISO 400 á sọ ọ́ di mítà 4. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn tó ń ta fláàṣì, orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń tàn. Ẹ yọ ìbòòji lẹ́ǹsì (lens hood, òrùka tó yọ síwájú lẹ́ǹsì) kí ẹ tó ta á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjìji bí ìdajì òṣùpá á wà nísàlẹ̀ fọ́tò. Bí ẹ bá sì rí ìlà dúdú gbọọrọ létí fọ́tò pẹ̀lú fláàṣì ìta, ìyára ṣọ́tà ti kọjá 1/200 tàbí 1/250 tí kámẹ́rà yín gbà. Ìkélé ṣọ́tà ló wà lọ́nà nígbà tí iná tàn.

Eruku ńkọ́? Yóò wọlé, ẹ má jẹ́ kó kó ìpayà bá yín. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì, ẹ pa kámẹ́rà, ẹ dojú ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀, kí lẹ́ǹsì kejì ti wà nítòsí. Láti mọ̀ bóyá ó ti dé orí sẹ́ńsọ̀, ẹ ya ojú ọ̀run tó mọ́ ní f/16 tàbí f/22. Eruku á hàn bí àmì dúdú róbótó tó wà lójú kan náà nínú gbogbo fọ́tò. Bí ẹ bá rí àmì nínú viewfinder tí kò sí nínú fọ́tò, ara jígí tàbí gíláàsì òkè ló wà, kò ṣe fọ́tò ní nǹkan kan, ẹ fi í sílẹ̀. Jígí yẹn ò ṣeé fọwọ́ kàn. Ti sẹ́ńsọ̀, bátìrì tó kún ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ lo ètò tó ń gbé jígí sókè fún ìmọ́tótó, kí ẹ fi rọ́bà àfọwọ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á kàn án. Ẹ má lo afẹ́fẹ́ inú agolo, torí pé omi tútù inú rẹ̀ lè ta sí i. Bí ẹ bá sì ń gbé e láti inú yàrá tútù bọ́ sínú ooru, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ tó jáde, kí ẹ fi í sílẹ̀ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí omi má bàa sán bo lẹ́ǹsì.

Live view, tó ń gbé ìran wá sí skírìnì ẹ̀yìn, máa ń jẹ bátìrì. D3500 ní 1,550 fọ́tò lórí bátìrì kan nínú ìdánwò CIPA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà), pẹ̀lú viewfinder o. Ẹni tó fi live view ya fọ́tò kò lè rí iye yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni fókọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́ra lára ọ̀pọ̀ DSLR. Síbẹ̀ ó ní iṣẹ́ kan tí n kò lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò.

Fókọ́ọ̀sì viewfinder ń gba ọ̀nà kan tó yàtọ̀: ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ gba inú jígí ńlá já sí jígí kékeré lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn tì í sísàlẹ̀ sí sẹ́ńsọ̀ fókọ́ọ̀sì ní ìdí kámẹ́rà. Bí ọ̀nà yẹn bá gùn tàbí kúrú ju bó ti yẹ lọ ní bíńtín, kámẹ́rà á ní fókọ́ọ̀sì ti wọlé nígbà tí kò tíì wọlé. Live view kò ní àìsàn yẹn, torí ara sẹ́ńsọ̀ fọ́tò gan-an ló ti ń wò. Nítorí náà, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọwọ́ yín ti mọ́ra, ẹ gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nínú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Ẹ to rúlà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n 45 síwájú rẹ̀, kí ẹ sì gbé páálí kan tó ní ìlà dúdú dúró gbọnrangandan ní àárín rúlà náà. Ẹ ṣí ihò dé òpin, ẹ pa VR. Ẹ fi viewfinder ya mẹ́wàá, kí ẹ máa yí fókọ́ọ̀sì dànù pẹ̀lú ọwọ́ kí ẹ tó tún un mú lórí páálí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi live view ya mẹ́wàá bákan náà. Bí ti viewfinder bá ń ṣe ségesège, òmíràn síwájú, òmíràn sẹ́yìn, ìwà autofocus ni, ẹ fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ti live view bá mọ́ ketekete, tí gbogbo ti viewfinder sì ń bọ́ síwájú nìkan tàbí sẹ́yìn nìkan, ẹ̀bi ti kámẹ́rà tàbí ti lẹ́ǹsì rèé. Ẹ fi lẹ́ǹsì kejì dán an wò kí ẹ mọ èwo nínú àwọn méjèèjì. Àwọn kámẹ́rà tó ga ní ètò kan nínú mẹ́nù tí ẹ lè fi tún un ṣe fún lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan. Àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò sábà ní i. Bí tiyín kò bá ní i, ẹ kó ogún fọ́tò náà dání, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á kí wáránǹtì tó tán.